Ojú Ló Ni Káàdì

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí káàdì ìrìnnà ọ̀fẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, àti ẹjọ́ tó ń dé bá ẹni tó fi káàdì ẹlòmíràn wọkọ̀

  Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ yín pè mí pé kí n wá bá yín sọ̀rọ̀, ó béèrè ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo ní ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ lè gbà wá ní wákàtí kan? Mo ní ó ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnìkan, ó ti dá páálí ìgbélùú ẹlòmíràn dúró, wákàtí kan kò pọ̀ fún un.

Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mo ń ṣe ní kóòtù. Bí wọ́n bá pe ẹjọ́ ẹni tí Yorùbá yá lẹ́nu ju Gẹ̀ẹ́sì lọ, èmi ni mo máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí mo ń gbé ọ̀rọ̀ adájọ́ fún un, tí mo sì ń gbé tirẹ̀ fún adájọ́. N kì í ṣe lọ́yà. Ohun tí mo ti rí àti ohun tí òfin wí ni mo kó wá síbí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí arábìnrin kan. N kò ní dárúkọ rẹ̀, mo sì ti yí ohun díẹ̀ padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀. Ó ti lé lógójì ọdún, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ń ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, aago mẹ́wàá ti kọjá díẹ̀, ó tẹ káàdì mọ́ ojú ẹ̀rọ ní ibùdókọ̀ ojú irin, géètì sì ṣí. Kò tíì rìn jìnnà tí ọkùnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ fi ní kó dákun kó jẹ́ kí òun wo káàdì náà. Ó nà án sí i. Inú àpò rọ́bà ni káàdì wà, àtàǹpàkò arábìnrin yìí sì tẹ̀ mọ́ fọ́tò gbọnyin. Ọkùnrin náà ní kó gbé ìka kúrò. Ojú ìyá àgbàlagbà kan ló wà lábẹ́ àtàǹpàkò náà: irun funfun, pélé mẹ́ta ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, mẹ́ta ní tòsì. Arábìnrin tó dúró níwájú rẹ̀ kò ní ilà kankan.

Ó ní, "Màmá mi ló ni ín. Àwọn fúnra wọn ló ní kí n máa lò ó."

Ó rò pé àwíjàre lòun ń wí. Nígbà tí wọ́n ka gbólóhùn yẹn padà ní kóòtù ní oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ìjẹ́wọ́ ni. Owó ọkọ̀ tí kò san lọ́jọ́ náà kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán kan.

Ta ló ń san owó ọ̀fẹ́?

Ọ̀pọ̀ wa ń pe Freedom Pass, irú káàdì ìyá yẹn, ní káàdì ọ̀fẹ́, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó mú un lọ́wọ́ ni kò sanwó. Ẹlòmíràn ń san án. Ọdún 1973 ni ìjọba ìlú Lọ́ńdọ̀nù ìgbà náà dá ètò sílẹ̀ pé kí àwọn àgbà máa wọ bọ́ọ̀sì lọ́fẹ̀ẹ́. Lónìí, àwọn káńsù Lọ́ńdọ̀nù mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélọ́gbọ̀n ló pawọ́ pọ̀ ń sanwó náà, ó sì ju 300 mílíọ̀nù pọ́n-ùn lọ lọ́dún. Àwọn tó ní káàdì náà lé ní mílíọ̀nù kan. Owó káńsù tí à ń san nílé wa wà nínú rẹ̀. Bí ẹnìkan bá fi káàdì ìyá rẹ̀ wọkọ̀, kì í ṣe Ọba Charles ló jà lólè. Aládùúgbò rẹ̀ wà nínú àwọn tó ń gbé ẹrù náà, òun alára sì wà níbẹ̀.

Káàdì wọ̀nyí pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní àdéhùn tirẹ̀. Freedom Pass wà fún àgbà tó ti dé ọjọ́ orí tí ìjọba ń san owó ìfẹ̀yìntì, èyí tó di 66 ní 2020, àti fún ẹni tó ní àléébù ara tí òfin kà sí. Ẹni tó ti pé 60 àmọ́ tí kò tíì dé ibi ìfẹ̀yìntì ní káàdì Oyster tirẹ̀ láti 2012. Àwọn ọmọdé ní káàdì Zip, láti ọmọ ọdún 5 dé àwọn tó ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Akẹ́kọ̀ọ́ àgbà náà ní tirẹ̀, ẹni tó ń wáṣẹ́ kiri sì lè ní èyí tó ń gé owó ọkọ̀ sí ìdajì.

Àkókò wà nínú àdéhùn. Láti 2020, káàdì àwọn àgbà kì í ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ TfL, ilé-iṣẹ́ ìrìnnà ìlú Lọ́ńdọ̀nù, kí aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ tó lù láàárín ọ̀sẹ̀, àmọ́ ti àwọn tó ní àléébù ara ń ṣiṣẹ́ nígbàkigbà. Ibùgbé náà wà nínú àdéhùn. Ẹni tó bá kó lọ sí Dartford, Chatham tàbí Grays, bí ọ̀pọ̀ wa ti ṣe nígbà tí owó ilé gun orí òkè, ti kúrò lábẹ́ káńsù Lọ́ńdọ̀nù. Freedom Pass kò tọ́ sí i mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n kọ sí káàdì kò tíì pé. Káńsù ibi tó kó lọ ní káàdì bọ́ọ̀sì tirẹ̀ tó lè fún un.

Mo ti rí onírúurú. Mo ti rí ẹni tó ń lo káàdì ìyá tó ti lọ sí Ìbàdàn láti oṣù mẹ́jọ. Mo ti rí ọmọ ogún ọdún tó ń lo Zip àbúrò rẹ̀. Mo ti rí ọkùnrin kan tó ń tẹ káàdì bàbá rẹ̀ tí wọ́n ti sin. Kóòtù pa lọ́lọ́ nígbà tí wọ́n ka ọjọ́ ikú bàbá náà, tí wọ́n sì ka ọjọ́ tí káàdì rẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì gbẹ̀yìn.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti yọ̀

Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Àwọn tí mo ń gbufọ̀ fún kì í ṣe ọ̀daràn. Àṣà méjì ló sábà máa ń ti ènìyàn dé ẹnu géètì.

Èkíní, a gbé e wá láti ilé. Ẹni tó bá wọ mólúè tàbí dánfó rí ní Èkó mọ ọ̀rọ̀ náà. Kọ́ńdọ́ á na ọwọ́, á ní, "Owó dà?" Ẹni tó wọ kákí á wo ojú fèrèsé, á ní, "Stáàfù!" Kọ́ńdọ́ á kùn, á sì kọjá. Gbogbo wa tí a jókòó sínú ọkọ̀ yẹn la kẹ́kọ̀ọ́ pé àìsanwó ọkọ̀ jẹ́ ipò. Ẹni tó bá lẹ́nu, tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, kì í san. Àwa tí a ń san ni a dà bí òmùgọ̀. Ilé náà sì ti ń yí padà: káàdì Cowry ni wọ́n ń tẹ̀ lórí ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù l'Ékòó, géètì kò sì mọ ẹni tó ń jẹ́ stáàfù.

Èkejì jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ, ó sì dára nílé tirẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ohun tí ìyá ní, ọmọ ní in. À ń wọ bàtà ẹ̀gbọ́n, à ń yá gèlè ìyá, ọmọ ẹ̀gbọ́n ń sùn nílé àbúrò fún ọdún mẹ́ta láìsan kọ́bọ̀. Ìyá tó ń jókòó sílé nítorí orúnkún tó ń dùn ún á wo ọmọ rẹ̀ tó ń jí jáde láàárọ̀, àánú á ṣe é, á ní, "Mú káàdì mi lọ, èmi náà kò jáde lónìí." Ìfẹ́ ló wà níbẹ̀. Òfin ni kò sí níbẹ̀.

Nítorí náà, bí mo bá fẹ́ kí àgbà ilé lóye ohun tí káàdì yìí jẹ́, n kì í fi í wé aṣọ. Oyè ni mo ń fi í wé. Bí bàbá rẹ bá jẹ́ Balógun, tí ara rẹ̀ kò yá lọ́jọ́ ìpàdé, ṣé o lè gba ìrùkẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kí o lọ jókòó sí àyè rẹ̀ láàfin, kí ọba pè ọ́ ní Balógun? Bàbá rẹ kò tilẹ̀ lágbára láti yá ọ. Ẹni tí wọ́n fi jẹ ló jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni Freedom Pass rí. Wọ́n wo ojú ènìyàn kan, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ sí i, wọ́n sì fi í jẹ. Ojú yẹn ló ni ín. Ẹbí kò ní ín.

Òfin tí wọ́n ń mú jáde

Òfin àkọ́kọ́ ti dàgbà. Ọdún 1889 ni wọ́n ṣe é, ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn tí àwọn olórí ogun Kírìjì fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, ọkọ̀ ojú irin kan tó kó àwọn ọmọdé àti òbí wọn lọ ṣe fàájì ní Armagh ní Ireland kò lè gun òkè. Wọ́n já a sí méjì, apá ẹ̀yìn yọ́ padà sí ìsàlẹ̀, ó sì lọ kọlu ọkọ̀ tó ń bọ̀. Nǹkan bí 80 ènìyàn ló kú. Ilé aṣòfin sáré ṣe òfin kí bíréèkì tó péye di dandan, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì sí ẹsẹ̀ karùn-ún. Ẹsẹ̀ karùn-ún yẹn ni wọ́n ṣì fi ń mú ènìyàn lónìí. Ẹni tó bá wọkọ̀ láìsanwó, tó sì ní in lọ́kàn láti má sanwó, lè san ìtanràn tó tó 1,000 pọ́n-ùn, tàbí kó lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Ẹ̀wọ̀n ṣọ̀wọ́n gan-an fún ẹni tó kọ́kọ́ ṣẹ̀, àmọ́ ó wà nínú ìwé. Ẹ fi ọkàn sí "ní in lọ́kàn." Agbẹjọ́rò wọn ló gbọ́dọ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ète wà.

Òfin kejì ni ìlànà ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ fúnra wọn tí ìjọba fọwọ́ sí. Eléyìí kò béèrè ọkàn rẹ. Bí o bá ti kọjá géètì láìní tíkẹ́ẹ̀tì tàbí káàdì tó tọ́ sí ọ, ó parí. Ìtanràn rẹ̀ náà lè dé 1,000 pọ́n-ùn, kò sí ẹ̀wọ̀n níbẹ̀. Àwọn tó ń wọ bọ́ọ̀sì ní ìlànà tiwọn láti 1990.

Ẹ̀kẹta ni òfin jìbìtì ti 2006, tó lè gbé ènìyàn lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Wọn kì í sábà mú un jáde fún ọmọ tó yá káàdì ìyá. Ẹni tó ń ṣe ayédèrú káàdì, tó ń tà á, tàbí tó fi irọ́ àdírẹ́sì gbà á, ni kó ṣọ́ra fún un.

Ọ̀tọ̀ ni owó ìjìyà ojú ẹsẹ̀, tó di 100 pọ́n-ùn lórí ọkọ̀ TfL ní 2024, tó sì ń dín sí 50 bí a bá san án láàárín ọjọ́ 21. Ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́, kò sì ní àkọsílẹ̀ ọ̀daràn. Àmọ́ ẹni tí wọ́n bá ká káàdì ẹlòmíràn mọ́ lọ́wọ́ kì í sábà rí i gbà. Wọn á gba káàdì náà, wọn á gba orúkọ rẹ̀, wọn á ní kó máa retí lẹ́tà.

Ní ẹnu géètì

Bó bá ti ṣẹlẹ̀, má sá. Má sọ orúkọ tí kì í ṣe tìrẹ. Òfin 1889 yẹn kan náà sọ pé orúkọ èké tàbí àdírẹ́sì èké jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lọ́tọ̀. O wá sọ ẹ̀ṣẹ̀ kan di méjì. Sọ orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ tòótọ́ fún wọn.

Òṣìṣẹ́ náà á ka gbólóhùn kan sí ọ létí pé o kò ní láti sọ ohunkóhun, àti pé ohun tí o bá sọ lè di ẹ̀rí. Àwọn ènìyàn wa máa ń rò pé ọ̀rọ̀ lásán ni. Rárá o. Láti ìgbà yẹn ni ó ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ojora bá mú ọ, tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ sì ń ta kókó, o lè sọ pé wàá fèsì lórí ìwé. Ẹ̀tọ́ rẹ ni. Ohun tí o kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí o hun irọ́. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un lónìí ni" kò lè ràn ọ́ lọ́wọ́, nítorí káàdì ní ìrántí. Ibi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ àti aago tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ wà lọ́dọ̀ wọn. Bí ìyá rẹ kò bá kúrò nílé, tí káàdì rẹ̀ sì ń lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ lójoojúmọ́, ta ni yóò gbà ọ́ gbọ́?

Má sì ti ìyá rẹ sínú rẹ̀. Mo ti gbọ́ tí ìyá ń sọ pé wọ́n jí káàdì òun ni, kó lè gba ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Lójú òfin, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pe ọmọ rẹ̀ ní olè ni, òun náà sì ti pa irọ́ tó lè di ẹ̀sùn tó wúwo ju owó ọkọ̀ lọ.

Nígbà tí lẹ́tà bá dé

Lẹ́tà lè pẹ́. Oṣù mẹ́fà ni òfin fún wọn láti gbé irú ẹ̀sùn kékeré báyìí lọ sí kóòtù, nítorí náà àìgbọ́ ohunkóhun fún oṣù méjì kò túmọ̀ sí pé wọ́n ti gbàgbé. Lẹ́tà àkọ́kọ́ sábà máa ń sọ ohun tí òṣìṣẹ́ kọ sílẹ̀, á sì ní kí o sọ tẹnu rẹ kí ọjọ́ kan tó kọjá. Lẹ́tà yìí ni ilẹ̀kùn tó ṣì ṣí. Bó bá tì, ó di kóòtù.

Mo ti ka èsì irú mẹ́ta. Èkíní ni èsì oníròyìn: káàdì bọ́ sínú àpò mi, n kò mọ bó ṣe débẹ̀. Èkejì ni èsì aládùúrà: ojú ewé mẹ́rin, Sáàmù mẹ́ta, àti pé Ọlọ́run yóò bùkún ẹni tó ń ka lẹ́tà yìí. Ẹni tó ń kà á á ṣe àmín lọ́kàn, á sì gbé ẹjọ́ náà lọ sí kóòtù. Ẹ̀kẹta ni èyí tí n kò rí kà rárá, nítorí wọn kò fèsì. Wọ́n fi lẹ́tà sábẹ́ ìrọ̀rí, wọ́n ń gbààwẹ̀ lé e lórí.

Èsì tó dára kò ju ojú ewé kan lọ. Sọ ohun tí o ṣe, láìyí i po. Sọ ẹni tó ni káàdì. Sọ pé o kábàámọ̀, sì sọ ohun tí o ti yí padà láti ọjọ́ náà: o ti ra Oyster tìrẹ, o sì ń san owó rẹ. Bí ẹjọ́ lè ba iṣẹ́ rẹ jẹ́, kọ ọ́, kí o sì fi ẹ̀rí tì í. Bí àìsàn, oyún tàbí ìdààmú ọkàn bá wà nínú ọ̀rọ̀ náà, gba ìwé lọ́wọ́ dókítà. Lẹ́yìn náà, sọ pé o ṣetán láti san owó ọkọ̀ tí o jẹ àti owó iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe lórí ọ̀rọ̀ náà, kí wọ́n jọ̀wọ́ má gbé e lọ sí kóòtù. Àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin mìíràn máa ń gba irú ẹ̀bẹ̀ yìí ju TfL lọ. Kò sí ẹni tó ní ẹ̀tọ́ sí i, àmọ́ ọ̀rọ̀ tútù ní í yọ obì lápò.

Bí o kò bá jẹ̀bi ńkọ́? Káàdì méjì lè wà nínú àpamọ́wọ́ kan náà lóòótọ́, kí ọwọ́ sì ṣìnà. Kó ẹ̀rí jọ: àkọsílẹ̀ Oyster tìrẹ tó fi hàn pé ojoojúmọ́ lo ń sanwó, ìwé báǹkì. Kí o sì wá lọ́yà. Citizens Advice àti àwọn ilé-iṣẹ́ òfin àdúgbò kì í gba owó láti gbọ́ ẹjọ́ ẹni.

Níwájú adájọ́

Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ọkọ̀ kì í dé gbọ̀ngàn kóòtù mọ́. Ìlànà kan wà láti 2015 tí adájọ́ kan ṣoṣo máa ń fi ka ìwé, tó sì máa ń dájọ́, láìsí olùjẹ́jọ́ níbẹ̀. O ní ọjọ́ 21 láti fèsì ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ. O lè gbà pé o jẹ̀bi láìlọ síbẹ̀, o lè gbà kí o sì ní o fẹ́ lọ sọ̀rọ̀, o sì lè ní o kò jẹ̀bi. Bí o kò bá fèsì, wọn á dájọ́ lẹ́yìn rẹ.

Má gbàgbé ìwé owó tó ń wọlé fún ọ. Ìtanràn ń tẹ̀lé iye tí ènìyàn ń gbà. Bí o kò bá kọ tìrẹ, wọn á bá ọ fojú dá a, ojú wọn sì lè tóbi ju àpò rẹ lọ. Bí o bá jẹ̀bi, tí o sì tètè gbà, ìdá kan nínú mẹ́ta lè kúrò nínú ìtanràn. Owó mìíràn ṣì ń tẹ̀lé e: owó ọkọ̀ tí o jẹ, owó agbẹjọ́rò wọn, àti owó tí wọ́n ń gbà fún àwọn tí ọ̀daràn ṣe ní ibi, tó jẹ́ 40 nínú 100 ìtanràn rẹ. O lè bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí o máa san án díẹ̀díẹ̀. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá ń dí ọ lọ́wọ́, béèrè ògbufọ̀. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. A ń gbé mẹ́fà, méje nínú ilé kan, lẹ́tà ń sọnù, ènìyàn sì ń kó kiri. Bí o bá ṣàdédé gbọ́ pé wọ́n ti dá ọ lẹ́bi, tí o kò sì mọ̀ nípa ẹjọ́ náà rí, o ní ọjọ́ 21 láti ọjọ́ tí o gbọ́ láti lọ búra bẹ́ẹ̀ níwájú kóòtù. Wọn á pa ìdájọ́ náà rẹ́, wọn á sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀bùn òfin nìyẹn. Ẹni tó bá fi búra èké ti wá ẹ̀wọ̀n lọ.

Ohun tó kù lẹ́yìn owó

Owó ìtanràn á tán. Àkọsílẹ̀ ni kí a bẹ̀rù. Ìdálẹ́bi lábẹ́ òfin 1889 tó ní ète nínú máa ń wọ ìwé àwọn ọlọ́pàá; ti ìlànà ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kì í sábà wọ̀ ọ́. Ìdí nìyẹn tí lọ́yà fi máa ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n yí ẹ̀sùn ńlá sí kékeré. Fún iṣẹ́ lásán, òfin 1974 lórí ìdálẹ́bi àtijọ́ ní kí ìdálẹ́bi tó jẹ́ ìtanràn di ohun àtijọ́ lẹ́yìn oṣù méjìlá. Àmọ́ ẹ wo àwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn yìí: nọ́ọ̀sì, olùtọ́jú arúgbó, olùkọ́, awakọ̀. Iṣẹ́ wọ̀nyí ń gbẹ́lẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ sọ fún ẹgbẹ́ tó fún un ní ìwé àṣẹ.

Ẹni tó ń wá páálí ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Láti 2012, ohun tí òfin 1974 pè ní ohun àtijọ́ kò di àtijọ́ lọ́dọ̀ Home Office, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ìwé ìgbélùú. Fọ́ọ̀mù tí a fi ń béèrè láti di ọmọ ilẹ̀ yìí ń béèrè gbogbo rẹ̀. Kọ ọ́ síbẹ̀. Ìtanràn kan lè má dí ọ̀nà, àmọ́ ẹni tó fi í pa mọ́ ti sọ ara rẹ̀ di òpùrọ́ lójú wọn, ìyẹn sì ṣòro láti wẹ̀.

Ṣé òfin náà tọ́?

Ẹ lè ní mo ń gbè lẹ́yìn àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀. Ẹ gbọ́ èyí. Ní oṣù Kẹjọ 2024, olórí àwọn adájọ́ májísíréètì, Paul Goldspring, dá ìdájọ́ tó ṣí ọ̀nà fún pípa ẹjọ́ ọkọ̀ ojú irin tó lé ní 74,000 rẹ́, nítorí pé àwọn ilé-iṣẹ́ kan ti fi ìlànà adájọ́ kan ṣoṣo gbé ẹ̀sùn òfin 1889 lọ, nígbà tí òfin kò gbà á. Àwọn tó ń pe ènìyàn lẹ́jọ́ pé kò tẹ̀lé ìlànà kò tẹ̀lé ìlànà. Ní ọdún yẹn kan náà, wọ́n fẹ́ pe ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì lẹ́jọ́ nítorí káàdì ẹ̀dínwó tó lò ní àkókò tí kò yẹ. Iye tó fi dín kù jẹ́ 1.90 pọ́n-ùn. Ariwo sọ, wọ́n jáwọ́. Ní oṣù Kẹfà 2025, àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ rélùwéè tẹ àyẹ̀wò jáde pé bí wọ́n ṣe ń ṣe sí àwọn èrò kò rí bákan náà, àti pé ó yẹ kí a ya ẹni tó ṣèèṣì sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀.

Nítorí náà, òfin náà ní àléébù, ó sì máa ń le ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ nígbà mìíràn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ fèsì lẹ́tà, kí ẹ sì mọ ẹ̀tọ́ yín. Àmọ́ ẹ̀rọ tó ń ṣìnà kò sọ káàdì ìyá di tìrẹ.

Ọ̀rọ̀ ìparí

Arábìnrin tí mo fi bẹ̀rẹ̀ gbà pé òun jẹ̀bi. Wọ́n bu ìtanràn fún un, ó sì ń san án lóṣooṣù. Ohun tó mú un sunkún ní ọ̀nà ilé kì í ṣe owó náà. Ọjọ́ tí wọ́n ti mú un ni wọ́n ti gba káàdì ìyá rẹ̀, wọn kò sì tíì dá òmíràn padà. Ìyá náà, tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, wá ń san 1.75 pọ́n-ùn lórí bọ́ọ̀sì nígbàkigbà tó bá ń lọ rí dókítà. Ẹni tí wọ́n ṣe ètò náà fún gan-an ni kò rí i lò.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ní ẹ̀tọ́ sí káàdì tiyín, tí ẹ kò béèrè. Ẹni tó ti pé 60, ẹni tí ara ń ni lára, ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹni tó ń wáṣẹ́: ẹ béèrè ní káńsù àti ní TfL, ẹ kọ orúkọ yín sílẹ̀. Ẹ̀yin òbí, bí àánú ọmọ bá ń ṣe yín, ẹ fún un ní owó ọkọ̀. Ẹ má yá a ní oyè yín.

Bí ẹ bá délé lálẹ́ yìí, kí ẹ tó bọ́ bàtà, ẹ mú káàdì tó wà nínú àpò yín síta, ẹ wo ojú tó wà lórí rẹ̀. Bí kì í bá ṣe ojú yín, ẹ dá a padà fún ẹni tó ni ín kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́.